Ìwé Màmá Tó Bá Obì Lọ Òkè Ọya

Ohùn méjì ló máa ń jí mi láàárọ̀ nílé wa ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù, lọ́dún tí mò ń sọ yìí, tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Èkíní ni ohùn obì tí Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ń dà láti inú apẹ̀rẹ̀ kan sínú òmíràn lẹ́yìnkùlé, gbìrìgbìrì, bí ẹni pé òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tó tún yí ọkàn padà. Èkejì ni bírò Màmá mi. Ẹni tó bá ní bírò kì í dún, kò tíì bá obìnrin tí ọjọ́ ń lé gbé yàrá kan náà rí. Ẹ̀yìn tíréè ni Màmá máa ń gbé pépà lé. Á jókòó sórí àpótí lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ti kọ́kọ́ ń wọlé, á pọn Dàpọ̀ àbúrò mi sẹ́yìn, á sì máa kọ̀wé lọ títí ọmọ á fi ké. Tí Dàpọ̀ bá ti ké, bírò a dákẹ́. Tó bá ti mu ọmú tán, bírò a tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti dàgbà báyìí, irun orí mi ti ń funfun, iṣẹ́ tí Màmá ń ṣe nígbà náà lèmi náà ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ti gbapò bírò. Síbẹ̀, tí mo bá jí tí ilé pa rọ́rọ́, ohùn méjèèjì yẹn ni mo máa ń tẹ́tí fún. Àárò wọn ń sọ mí ju bí ẹnu mi ti lè sọ lọ.

Màmá kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, kò sì ní ọ̀gá. Ó ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ìbàdàn. Tí wọ́n bá fẹ́ ẹ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Tí wọn ò bá fẹ́ ẹ, a jẹ́ pé ó di ìgbà mìíràn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wọ mọ́tò lọ sí ìhà Ìsarà, níbi tí bàbá mi ti ń ṣe tíṣà, tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì nìkan la máa ń rí i. Màmá á tọ àwọn àgbẹ̀ lọ sínú oko wọn, á bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́, bí wọ́n ṣe ń lé ọ̀yà, ìdí tí obì ẹnì kan fi ń so tí ti aládùúgbò rẹ̀ kò so. Á padà dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ àti ìtàn lẹ́nu. Bàbá arúgbó kan sọ fún un pé òun máa ń kí igi obì òun láràárọ̀, kí òun tó kí ìyàwó. Màmá bi í pé kí ni ìyàwó wí sí i. Bàbá arúgbó náà ní ìyàwó òun ti rí i pé igi ń so, kò sì wí nǹkan kan. Màmá rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́ fún wa títí Dàpọ̀ fi jí lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá bi mí nígbà náà kí ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀sẹ̀, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kọ́ ni ǹ bá dárúkọ. Ọjọ́ ìsinmi ni ǹ bá sọ, nítorí ẹran. Ọmọdé ò mọ ohun tó ń jẹ.

Ìwé tí Màmá bá kọ́kọ́ kọ máa ń rí wúruwùru, bírò á ti rẹ́ ibí, á ti rẹ́ ọ̀hún. Á wá dà á kọ sórí pépà tuntun, ní ọwọ́ tó mọ́ tónítóní. Èyí tó mọ́ ni ti Ìbàdàn. Èyí tó rí wúruwùru, ti Ìyá Àgbà ni. Bí ìyá ọkọ àti ìyàwó ṣe jọ ṣe é nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ Ìyá Àgbà ni kó máa ṣa obì fún àwọn oníṣòwò ní Sábó. Tí wọ́n bá ti bó obì tí wọ́n fọ̀ ọ́, òun ló máa fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó yọ èyí tí kòkòrò ti lu, kó wá to èyí tó dára sínú apẹ̀rẹ̀ tó ti fi ewé gbòdògì tẹ́ nínú, kí obì má baà gbẹ kó tó dé Òkè Ọya. Nígbà ọyẹ́ tí ewé bá ṣọ̀wọ́n, pépà Màmá ló máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Ìyá Àgbà ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n òun ló máa ń fi ìyàwó rẹ̀ yangàn láàárín àwọn aṣobì ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní ìwé ìyàwó òun ti dé Kánò ju iye ìgbà tó dé Ìbàdàn lọ.

Onígbàgbọ́ tí kì í fi àdúrà ṣeré sì ni Màmá. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀kọ, a ti gbọ́dọ̀ kọrin, ka Bíbélì, gbàdúrà. Ó ń kọ́ àwa ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, ó sì wà lára àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo rí i lọ́jọ́ kan tó ń gbálẹ̀ láàárín àwọn àga, tí bírò há sínú irun rẹ̀, tó dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, tó fa ìwé iṣẹ́ ìsìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá yọ, tó kọ nǹkan sí i lẹ́yìn. Ìyá Ìjọ, olórí àwọn obìnrin, ń wò ó. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, ẹ ń kọ̀wé, ẹ ń rìnrìn àjò, ẹ ń gbálẹ̀. Ta ló wá ń bá yín tọ́ ọmọ?" Màmá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run ni, mà. Èmi ń ràn Án lọ́wọ́ ni." Àwọn obìnrin tó kù rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìjọ ò rẹ́rìn-ín, èmi náà ò sì rẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè tó wà nínú èmi náà ló bi í. Tí mo bá ní, "Màmá, ẹ wò ó," ohun tí mo máa ń gbọ́ ni, "Dúró ná, Bọ́lá." Dàpọ̀ ní ẹ̀yìn Màmá, pépà ní ojú rẹ̀, ìjọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta rẹ̀. Èmi ní dúró ná. Ìkọ́kọrẹ́ tiẹ̀ máa ń jóná nílé wa nígbà mìíràn tí gbólóhùn kan bá gbé Màmá lọ. Ìyá Àgbà á jẹ ẹ́, á lá ọwọ́, á ní, "Ìkọ́kọrẹ́ akọ̀wé rèé o. Ó ní òórùn èéfín díẹ̀, àmọ́ ó ń wọlé." Màmá á bẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì á sì jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọyẹ́ mú lọ́dún yẹn, lẹ́tà dé láti Ìbàdàn. Bàbá mi ló kà á sókè lọ́jọ́ Ẹtì tó wálé. Àwọn oníwèé ìròyìn fẹ́ fi ojú ìwé kan sílẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, kó máa kọ ọ́ lóṣooṣù. Ẹni náà á máa lọ káàkiri oko, títí dé ìhà Òkè Ògùn, á sì máa fi bí ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ nínú oṣù kúrò nílé. Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n ń wò, Màmá wà lára wọn. Kí oníkálukú kọ ìwé kan wá kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Bàbá ká lẹ́tà náà, ó tún tú u, ó tún kà á. Ó ní, "Èmi ò ní dí ọ lọ́wọ́. Ìyá mi wà nílé, wọ́n á máa bá wa wo ọmọ." Ìyá Àgbà ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì," ó sì dìde lọ bomi wọ́n obì rẹ̀. Èmi ka ọ̀sẹ̀ méjì lórí ìka mi, ọjọ́ mẹ́rìnlá, ìka mi ò tiẹ̀ tó o. Mo mọ̀ nínú ara mi pé bí Màmá bá gba iṣẹ́ yẹn, dúró ná ni màá máa gbọ́ títí ayé nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn orin, Màmá gbàdúrà kan tí mi ò gbàgbé. Kò pariwo. Ó ní, "Olúwa, mi ò fẹ́ fi ọgbọ́n orí mi yan èyí. Bí iṣẹ́ yìí bá ti ọ̀dọ̀ Rẹ wá, jẹ́ kí ìwé mi dé Ìbàdàn lọ́sẹ̀ yìí. Bí kò bá ti ọ̀dọ̀ Rẹ wá, dí mi lọ́nà. Mi ò ní bínú, mi ò sì ní tún bi Ọ́." A ṣe àmín. Mo ṣe tèmi sókè débi pé Ìyá Àgbà yọjú wò mí. Láti ọjọ́ náà lọ, Màmá ń kọ ìwé náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ obì ló fi ṣe: bí àwọn ìyá arúgbó ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, láìlo oògùn tó lè pa ẹni tó máa jẹ obì. Ó máa ń bi Ìyá Àgbà léèrè látojú fèrèsé, Ìyá Àgbà á dá a lóhùn láti ẹ̀yìnkùlé. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó ti dà á kọ tán. Ojú pépà mẹ́ta ni. Ó fi Bíbélì tẹ̀ ẹ́ lórí tábìlì. Dẹ́rẹ́bà kan tó máa ń bá a mú ìwé lọ Ìbàdàn á kúrò ní Sábó tí oòrùn bá ti yẹ àtàrí.

Àyàfi pé ara Dàpọ̀ gbóná mọ́jú ọjọ́ náà. Màmá gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó ní kí n má lọ ibì kankan, òun á dé kí dẹ́rẹ́bà tó lọ. Iléèwé tiwa ti gba ìsinmi Kérésìmesì, ti Bàbá ò tíì gbà á, èmi àti Ìyá Àgbà nìkan ló kù sílé. Ìyá Àgbà náà ń kánjú, nítorí ọkọ̀ tó ń kó obì lọ Òkè Ọya ti ń di ẹrù ní Sábó, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kan ló kù, ewé sì ti tán. Ó ké pè mí. Ó ní, "Bọ́lá, bá mi kó pépà yèyé ẹ wá, èyí tí ò wúlò mọ́." Èyí tí ò wúlò mọ́ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Mo kó o. Mo wá dúró níwájú tábìlì. Mo wo Bíbélì náà pẹ́. Mi ò lè ní èṣù ló tì mí. Kò sí èṣù nínú yàrá náà, èmi nìkan ni. Mo gbé Bíbélì, mo fa ojú pépà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, mo fi wọ́n sáàárín èyí tó rí wúruwùru, mo sì dá Bíbélì padà sáàyè rẹ̀ dáadáa. Mo tiẹ̀ fi ọwọ́ nu ẹ̀yìn rẹ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Ó to pépà, ó to obì, ó di apẹ̀rẹ̀ ní okùn, ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ kó ẹrù sì gbé e lọ Sábó.

Màmá dé nínú oòrùn, Dàpọ̀ ti sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé Bíbélì sókè. Ó tún gbé e sílẹ̀. Ó wo abẹ́ tábìlì, ó wo orí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó rí i pé ibẹ̀ náà ti ṣófo. Ó ní, "Bọ́lá, ta ló kó pépà tó wà níbí?" Mo ní, "Ìyá Àgbà ní kí n kó èyí tó wà nílẹ̀ wá, mà." Ó ní, "Gbogbo èyí tí o kó, ilẹ̀ ló wà?" Mo ní, "Ilẹ̀ ni, mà." Ó sọ Dàpọ̀ kalẹ̀, ó sáré lọ Sábó láìwọ bàtà. Nígbà tó padà dé, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ ti lọ. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ìgbà tí Dàpọ̀ ń ké ni. Ìgbà yẹn ni mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Mo rò pé mo fi Bíbélì tẹ̀ ẹ́." Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyàwó mi, pẹ̀lẹ́." Ó sì padà sídìí obì rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tí Bàbá dé, ó ní kí Màmá tún un kọ, gbogbo rẹ̀ ṣáà wà lórí rẹ̀, òun fúnra òun á gbé e lọ Ìbàdàn tí ilẹ̀ bá mọ́. Màmá ń bu omi sórí Dàpọ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, Bàbá Bọ́lá. Mo bi Í, Ó ti dá mi lóhùn. Mo sì ní mi ò ní tún bi Í."

Ọjọ́ kejì ni Ìyá Àgbà pè mí sídìí obì. Ó fi ọ̀kan sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n wá ihò lára rẹ̀. Mo wá a títí, mi ò rí i. Ó gbà á, ó fi eyín là á, kòkòrò funfun kan ń yí nínú rẹ̀. Ó ní, "Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé." Ẹ̀rù bà mí. Ó tún ní, "Mẹ́ta nínú pépà tó o kó wá, bírò ò rẹ́ ibì kankan lára wọn. Ó dán. Mi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ èyí tó dán." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún Màmá. Ó da obì sínú apẹ̀rẹ̀, kò wò mí. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Mo rí i, mo sì tò ó." Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀ láàárín àwa méjèèjì. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ń bà lẹ́rù nínú ilé náà. Ìyá Àgbà mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ̀run.

Mo rí ohun tí mo ń fẹ́ gbà. Màmá ò kọ̀wé mọ́. Ó di irun mi ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ń wo iṣẹ́ iléèwé mi, ìkọ́kọrẹ́ ò jóná mọ́. Tí mo bá ní, "Màmá, ẹ wò ó," á wò ó. Ṣùgbọ́n kò lọ Ìsarà mọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹrẹ̀ ò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìtàn ò sì sí lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, á kàn jókòó, á di ọwọ́ méjèèjì mú lórí itan, á máa wo ọ̀nà. Mo ń jókòó tì í, mò ń dúró kó sọ nǹkan, á sì bi mí bóyá ebi ń pa mí. Kò sí ohun tí mi ò ní fi sílẹ̀ lónìí kí n lè gbọ́ "dúró ná" yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí bírò sì tún dún.

Kò bínú sí Ọlọ́run. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ó ń dúpẹ́ ni. Lọ́dọọdún, tí ìjọ bá ń ṣe ìdúpẹ́ òpin ọdún, Màmá á dìde, á jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe dí òun lọ́nà nígbà tí òun fẹ́ fi ilé sílẹ̀ nítorí ìwé. Ìyá Ìjọ á ṣe àmín. Àwọn ìyàwó tuntun á ṣe àmín. Ẹnì kan tiẹ̀ wá bá a nílé lẹ́yìn ìsìn lọ́dún kan, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ní ẹ̀rí yẹn ló jẹ́ kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mò ń gbé omi fún àlejò. Mo gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jáde lọ fọ̀ ọ́. Èmi náà di ìyá ọmọ mẹ́ta, mo di òǹkọ̀wé àwọn àgbẹ̀, mò ń sá kúrò níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́rú láti lọ parí iṣẹ́, mò ń sá kúrò nídìí iṣẹ́ láti lọ mú ọmọ níléèwé, mò ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìhín, kan tẹ ọ̀hún. Gbogbo ìgbà tí ó bá rẹ̀ mí, ojú Màmá mi ni mo máa ń rí. Mo máa ń rò ó pé òun ì bá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí, àwọn kan ní kí n wá máa bá wọn lọ káàkiri oko ẹ̀gẹ́, kí n máa kọ ohun tí mo bá rí. Iṣẹ́ ńlá ni, ìrìn rẹ̀ sì pọ̀, àbíkẹ́yìn mi ò tíì jáde níléèwé. Mo lọ sí Ṣàgámù lọ sọ fún Màmá. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbọ́, ojú rẹ̀ ń ríran. Mo ń bó ọsàn fún un ní ìta, ọ̀sán gangan ni. Ó gbọ́ mi títí, ó wá ní, "Ohun tí mo ṣe ni kó o ṣe. Bi Í. Bí Kò bá fẹ́ ẹ, á dí ẹ lọ́nà, bó ṣe dí mi." Ó gba ọsàn. "O ṣáà rántí bó ṣe ṣe é fún mi." Mo rí i pé bí mo bá gba ìmọ̀ràn yìí láìsọ̀rọ̀, irọ́ tí mo pa fún un lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n tún ń fi tọ́ èmi náà sọ́nà. Mo sọ ọ̀bẹ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ bí mo ṣe gbé Bíbélì, bí mo ṣe dá a padà. Mi ò dárúkọ Ìyá Àgbà. Òkú ò lè rojọ́.

Màmá ò mu ọsàn mọ́. Omi rẹ̀ ń ṣàn sí i lọ́wọ́, kò nù ún. Ó ní, "Ìwọ ni."

Mo ní, "Èmi ni, mà. Ẹ dárí jì mí."

"Kì í ṣe pé mo gbé ìwé náà sílẹ̀?"

"Ẹ ò gbé e sílẹ̀, mà. Bíbélì lẹ fi tẹ̀ ẹ́."

Mo rò pé á sunkún, tàbí pé á ní kí n kúrò níwájú òun, mo sì ti ṣe tán láti lọ. Ó wo ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ tó tutù fún omi ọsàn gbá orí mi mú, kò le, kò sì rọ̀. Ó ní, "A jẹ́ pé Ọlọ́run ò tíì dá mi lóhùn nìyẹn."

Mò ń sunkún lórí eékún rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sunkún díẹ̀, ó wá mi orí mi jẹ́jẹ́ bí ẹni ń jí ọmọ, ó ní, "Àwọn tí o ń kọ̀wé fún yìí, ojú ìwé mélòó ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni?"

Mo ní wọn kì í gbà ju méjì lọ mọ́. Ó ní méjì ti kéré jù, ohun tí òun fẹ́ sọ pọ̀.